Ìdí tí ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn sáyẹ́ǹsì fi ń jí lóru nítorí géèmù

Ọmọ odó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí fóònù rẹ̀ ké. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ní ilé wọn ní Ajílosùn, Adó-Èkìtì. Iyán ti ń fà, ó ku díẹ̀ kó kúnná. Ó bojú wo fóònù tó gbé lé orí àpótí, ó gbé ọmọ odó tì, ó ní: "Wọ́n ń bọ̀ wá kọlù mí! Ìṣẹ́jú 12 ló kù!" Ìyá rẹ̀ tó ń ro ọbẹ̀ fò dìde, ó sáré lọ ti ilẹ̀kùn ìta, ó ń bi í pé ta ni, kí ló ṣe fún wọn, ṣé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni? Kí a tó mọ̀ pé inú géèmù ni wọ́n ti ń bọ̀ wá kọlù ú, pé ọkọ̀ ojú sánmà ni wọ́n fẹ́ wá bà jẹ́, iyán ti tutù sínú odó. Kókó la jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Èkìtì, ẹ mọ ohun tí iyán oníkókó ń dá sílẹ̀ nínú ilé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní inú òun máa ń dùn pé ọmọ òun ń kàwé. Bó tiẹ̀ jẹ́ ìtàn àwọn tó ń gbé inú sánmà ló ń kà, ìwé ṣáà ni. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, tó bá ti wálé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ń jí ní aago méjì òru, á tẹ fóònù fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, á tún sùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Àbí Yahoo ló ń ṣe?"

Rárá o. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni òbí tó ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí, nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń jí ọmọ yẹn ní àlàyé. Àlàyé náà kò sí nínú sánmà, kò sí nínú ọkọ̀ tó ń fò níbẹ̀. Inú aago ló wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni ìtàn tí òǹkọ̀wé ti mú ohun kan tí sáyẹ́ǹsì lè ṣe, tàbí tó jọ pé yóò lè ṣe lọ́jọ́ iwájú, tó wá béèrè pé: bó bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ronú ńkọ́? Bí èèyàn bá ń gbé orí Máàsì, ibo ni wọn yóò ti máa rí omi, ta ni yóò sì jọba lé wọn lórí? Nínú ìtàn iwin, bí ọdẹ bá pe ọfọ̀ tí igi bá ń rìn, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó gbé igi rìn. Nínú ti sáyẹ́ǹsì, wọ́n á béèrè. Òǹkàwé fẹ́ mọ epo tí ọkọ̀ ń mu, iye ọdún tó máa fi rìnrìn àjò, ẹni tó máa tún un ṣe bó bá dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà. Ẹ má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan tó dá lórí Nàìjíríà ní ọdún 2066, ìwé náà sì gba àmì ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní 2019. Omenana, ìwé ìròyìn tó ń gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde láti ilẹ̀ Áfíríkà, ti wà láti 2014.

Ẹ fi ìbéèrè epo yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Géèmù wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ti orí sóṣíà mídíà bẹ̀rẹ̀. Ní 2007 ni Facebook ṣílẹ̀kùn fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn láti máa gbé nǹkan tiwọn sórí rẹ̀. Zynga, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún kan náà, gbé FarmVille jáde ní oṣù Kẹfà 2009. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. O gbin nǹkan, o dúró dè é, o kórè, o rówó, o tún gbin. Strọ́bẹ́rì ń gba wákàtí mẹ́rin kó tó gbó. Bí o kò bá tètè wá kórè rẹ̀, á rọ, owó rẹ á wọgbó. Bí o bá fẹ́ kí oko rẹ fẹ̀, o ní láti máa bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lórí Facebook kí wọ́n wá di aládùúgbò oko rẹ, kí ẹ jọ máa ta ara yín lọ́rẹ. Ní 2010, àwọn tó ń ṣe é lóṣooṣù lé ní 80 mílíọ̀nù. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tì í pa.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo sì ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ bá FarmVille sọ. Iṣu tí bàbá wa ń gbìn máa ń lo bí oṣù méje, mẹ́jọ nínú ebè. Kò pè wọ́n lóru rí. Ó wà lóko, ó ń ta, bàbá wa ń hanrun nílé. Bí wọ́n bá sì pẹ́ lọ wà á ní ọjọ́ mẹ́ta, iṣu náà ò bínú. Strọ́bẹ́rì inú fóònù ló máa ń bínú.

Géèmù tí ọmọ wa ń ṣe dàgbà ju FarmVille lọ. OGame lorúkọ rẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ní 2002. Wọ́n á fún ọ ní pílánẹ́ẹ̀tì kan. O máa wa irin, o máa wa kírísítálì, o máa ṣe epo tí wọ́n ń pè ní deuterium, kí o lè fi kan ọkọ̀ ojú sánmà. Deuterium kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kàn sọ lásán o. Irú háídírójìn kan tó wúwo ju ti ojoojúmọ́ lọ ni, ó wà nínú omi òkun, òun sì wà lára ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń lò bí wọ́n ti ń wá bí àwọn yóò ṣe máa rí agbára nínú àpapọ̀ átọ́ọ̀mù, bí oòrùn ti ń ṣe. Ọmọ tó ti ń béèrè epo tí ọkọ̀ ń mu láti ìgbà tó ti mọ̀wé kà, ẹ wò ó, ibì kan ti dá a lóhùn. Ó ti wọlé nìyẹn.

Tó bá ti wọlé tán, aago bẹ̀rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá fẹ́ kọ́ ní iye àkókò tó máa gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tó bá yá, ó di wákàtí. Tó bá tún yá, ó di ọjọ́ gbáko. Tó bá pa fóònù, géèmù ò dúró dè é. Àwọn ẹlòmíràn, èèyàn gidi bíi tirẹ̀ láti ìlú tí kò dé rí, lè kó ọkọ̀ wọn wá nígbà tó ń sùn, kí wọ́n kó irin rẹ̀ lọ, kí wọ́n fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ túútúú. Ìṣẹ́jú 12 tó ń pariwo rẹ̀ lórí iyán, ìrìn àjò àwọn wọ̀nyẹn ló ń kà.

Ẹ wá bọ́ aṣọ lára géèmù méjèèjì. Ẹ yọ strọ́bẹ́rì kúrò, ẹ yọ ọkọ̀ sánmà kúrò. Kí ló kù? Nǹkan kan tí o bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí, wákàtí tó máa parí, àti àdánù tó máa bá ọ bí o kò bá sí nílé. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀rọ náà. Ìyókù, àwòrán ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yé ẹ̀gbọ́n mi: àwòrán ló ń wò, ó ń wá ohun tí sánmà fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ohun tí kò parí fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ní 1928, Maria Ovsiankina, tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá ní Berlin, gbé iṣẹ́ kéékèèké fún àwọn èèyàn, ó sì ń dá wọn dúró láàárín méjì. Ó rí i pé bí wọ́n bá ti ráyè báyìí, púpọ̀ nínú wọn á padà sídìí iṣẹ́ tí wọn ò parí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n padà, kò sówó níbẹ̀. Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé wa: ẹni tí wọ́n pè lẹ́nu aṣọ fífọ̀, bó ti ń dáhùn, ọkàn rẹ̀ wà nínú ọpọ́n. Ayò ọlọ́pọ́n ní ojúlé 12 àti ọmọ ayò 48, ṣùgbọ́n ayò ń tán. Ẹnì kan á jẹ, á fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á dìde. Àlọ́ náà ń tán, ẹni tó ń pa á á ní "ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká", àwọn ọmọ á lọ sùn. Ìwé tí ọmọ wa ń kà pàápàá ní ojú ewé ìkẹyìn. Géèmù yìí kò ní in. Bó ti ń parí ohun kan ni nǹkan méjì mìíràn ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ jọ parí pọ̀ kó lè mí kanlẹ̀.

Ti ẹyẹlé tún wà níbẹ̀. B. F. Skinner, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ́ ẹyẹlé láti máa fi àgógó ẹnu rẹ̀ sọ nǹkan kan kó tó rí oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́, tí wọ́n wá dá a dúró, kì í pẹ́ tí ẹyẹlé fi ń ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nígbà mìíràn ó jáde, nígbà mìíràn kò jáde, tí ẹyẹlé ò sì mọ èyí tó kàn, á máa sọ ọ́ lọ ràì, kódà nígbà tí oúnjẹ ti tán pátápátá. Ẹ lọ wo ìdí tẹ́tẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó rí ẹyẹlé náà. Àpótí ẹ̀bùn inú géèmù, tí èèyàn kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi tó bá ṣí i, orí ìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé e kà. Ní 2018, ìjọba Belgium ní tẹ́tẹ́ ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ń fowó tà á, wọ́n sì ní kí àwọn oníṣẹ́ géèmù kó o kúrò lórílẹ̀-èdè àwọn.

Níbo wá ni owó wà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é? Ìdúró yẹn gan-an ni wọ́n ń tà. Candy Crush, tó dé sórí Facebook ní 2012, fún èèyàn ní ẹ̀mí márùn-ún. Bí wọ́n bá tán, ọ̀kan ń padà wá lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. O lè dúró. O lè bẹ ọ̀rẹ́ kó fún ọ. Tàbí kí o sanwó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kì í san kọ́bọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń san èyí tó pọ̀, àwọn díẹ̀ yẹn ló ń bọ́ ilé iṣẹ́. Orúkọ tí àwọn oníṣòwò géèmù fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ ẹranko ńlá inú òkun, èyí tí Yorùbá ń pè ní àbùùbùtán. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ ní èdè tiwa: ẹran tí a bù, bù, bù, tí kò tán.

Ọmọ wa kì í ṣe àbùùbùtán. Owó détà ni gbogbo owó tó ń ná, oorun sì ni ìyókù.

Ohun tó wá ṣòro jù ni ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì ló máa ń rì sínú rẹ̀ jù, lójú tèmi. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, àmọ́ bí Super Eagles bá gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, ó ní ibòmíràn tó máa lọ. Gbogbo òpópónà ló mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ tó bá fẹ́ bá èèyàn jiyàn lórí bóyá ọkọ̀ lè sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ta ni yóò bá jiyàn ní Ajílosùn? Ìyá rẹ̀ á ní kó lọ pọnmi. Nínú géèmù yìí, ẹgbẹ́ wà. Ogún, ọgbọ̀n èèyàn, ọ̀kan ní Brazil, ọ̀kan ní Poland, wọ́n jọ ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti epo bí ẹni pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Wọ́n mọ orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀. Mo bi í ìdí tó fi ń jí ní aago méjì, mo rò pé á ní nítorí irin. Ó ní: "Àǹtí, tí mi ò bá jí, àwọn èèyàn mi ló máa fara gbá a." Ẹ gbọ́ bó ṣe pè wọ́n: àwọn èèyàn mi.

Èkejì ni pé ẹni tó ń ka ìtàn wọ̀nyí fẹ́ràn òfin. Bí ayé inú ìwé bá ní òfin tirẹ̀, ó fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ pátá: ọkọ̀ wo ló yára, ìmọ̀ wo ló yẹ kó ṣáájú èyí. Géèmù tẹ́ òfin sílẹ̀ bí ẹní, ó ní kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí ìwé àjákọ rẹ̀, ìṣirò wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, ìṣirò tí olùkọ́ rẹ̀ ì bá fún ní máàkì. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn.

Ẹ̀yin tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ẹ gbọ́ ti EVE Online. Iceland ni wọ́n ti ṣe é, ní 2003, sánmà ni gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èèyàn tó ń ṣe é ló wà nínú sánmà kan ṣoṣo. Ní oṣù Kìíní 2014, ẹgbẹ́ ńlá kan kò san owó orí ibùdó wọn kan nínú géèmù, bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ owó ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀tá ti gbọ́, ogun ti bẹ́. Ó gba bíi wákàtí 21. Àwọn tó bá wọn jà lé ní 7,000, bí ọ̀kan bá rẹ̀ á jí ẹnì kejì dìde kó wá gbà á. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọkọ̀ tó jóná sí owó gidi, ó lé ní 300,000 dọ́là. Àgbàlagbà oníṣẹ́ oṣù, àwọn olórí ilé, pọ̀ nínú wọn. Nítorí owó ilé tí ẹnì kan kò san!

Ní Èkìtì níbí, ọdún 2024 ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ fojú rí aago yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí sánmà kankan nínú èyí. Notcoin, géèmù tí èèyàn fi ń tẹ ojú fóònù láti kó owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì jọ, ló kọ́kọ́ dé lórí Telegram, Hamster Kombat, irú rẹ̀ kan náà, tẹ̀ lé e. Ẹ dé Ìwòròkò nígbà yẹn, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń gbé, ẹ ó rí àtàǹpàkò tó ń ta kàn, kàn, kàn lójú fóònù bí ẹni ń pa eṣinṣin. Owó inú Hamster nígbà yẹn ń wọlé fúnra rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta péré. Tó bá ti pé, ó dúró, àfi kí o tún ṣí i. Wákàtí mẹ́ta! Ẹ fi wé strọ́bẹ́rì. Nígbà tí wọ́n pín owó náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2024, ohun tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn kéré débi pé ẹ̀rín ló fi pa wọ́n.

Ṣé àìsàn wá ni? Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àrùn géèmù sínú ìwé àwọn àìsàn tuntun wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2022. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ó ní láti jẹ́ pé èèyàn ò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, pé géèmù ti ṣáájú oúnjẹ, iṣẹ́ àti ẹbí, pé ó ń bá a lọ bó tilẹ̀ ń bà á láyé jẹ́, kí èyí sì ti rí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Ọmọ tó jẹ́ kí iyán tutù kò tíì débẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n iyán òun ńkọ́?

Mo jókòó ti ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ sánmà, ọ̀rọ̀ aago ni mo bá a sọ. Mo ní kó fi hàn mí ibi tí géèmù ti ń pè é, a sì pa ìpè náà lórí fóònù. Mo bi í bóyá àwọn tó ṣe géèmù náà ò fi ibi ìsinmi sí i. Ó ní wọ́n fi sí i: èèyàn lè ti gbogbo rẹ̀ pa fún ó kéré tán ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó máa lè kọlù ú, ṣùgbọ́n kùsà rẹ̀ ò ní mú nǹkan wá láàárín ìgbà náà. Kò fẹ́ ìyẹn. Mo ní ṣé kò wá sí ọgbọ́n mìíràn tí àwọn àgbà inú géèmù fi ń sùn?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó wà. Ó kó gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ jọ, ó di irin àti kírísítálì sínú wọn, ó yan ibì kan tó jìnnà, ó wá fà á sẹ́yìn pé kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́. Ìrìn náà yóò gba wákàtí mẹ́jọ, àlọ àti àbọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá lóru á bá ilé lófìfo. Epo díẹ̀ ló máa ná an.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀.

"Wọn ò lọ ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Wọ́n kàn ń rìn kí n lè sùn ni."

Ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀ kó tó wọ yàrá. Ìyẹn gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́.